Bí Pẹ́dàlì Ẹ́ńjìnnì Oníná Ìpẹja Bá Ń Ṣe Ségesège: Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ẹ tẹ pẹ́dàlì, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ẹ tún un tẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Atẹ́gùn ti ń gbé ọkọ̀ yín lọ síbi àpáta, ẹja tí ẹ ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ sì ti sá lọ. Ẹni tó bá ti fi trolling motor, ìyẹn ẹ́ńjìnnì oníná kékeré tó ń wa ọkọ̀ ìpẹja jẹ́jẹ́, pẹja rí mọ irú ìnira yìí. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ ra pẹ́dàlì tuntun, nígbà tó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ ló já nínú ti àtijọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì oníná tí a ń fi ẹsẹ̀ darí, tó ní mítà (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn iná), tó sì lè fara balẹ̀ fún wákàtí méjì. Òfin kan ni kí ẹ dì mú látòkè délẹ̀: ẹ má ra ohunkóhun títí mítà yóò fi fi ibi tí àìsàn wà hàn yín. Pẹ́dàlì kì í ṣe ẹ̀rọ tó díjú. Súwíìṣì bíi méjì tàbí mẹ́ta, fọ́lúùmù tó ń dín eré kù tó sì ń fi kún un, sípíríǹgì díẹ̀, àti wáyà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Nínú gbogbo wọn, wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, pàápàá níbi tó ti ń ká kò lójoojúmọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro lóye. Nígbà tí O.G. Schmidt ṣe tirẹ̀ ní Fargo, ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1934, sítátà ọkọ̀ Ford Model A ló mú, ó so ọ̀pá àti abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí: iná bátìrì wọlé, mọ́tò yí, abẹ̀bẹ̀ ta omi. Pẹ́dàlì ni ẹnubodè tó wà láàárín. Tí ẹ bá ti ń wò ó bí ẹnubodè, ẹ ó rí i pé ìbéèrè méjì péré ló wà láti dáhùn: ṣé iná ń dé ibẹ̀, ṣé ó sì ń kọjá?

Irú pẹ́dàlì wo ni tiyín?

Oníkébù ni àkọ́kọ́. Kébù irin méjì ló jáde láti inú rẹ̀ lọ sí orí ẹ́ńjìnnì, bíi ti bíréèkì kẹ̀kẹ́. Lára èyí tó pọ̀ jù, tí ẹ bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ iwájú, ẹ́ńjìnnì á kọjú sí ọ̀tún. Tí ẹ bá fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀yìn, á kọjú sí òsì. Agbára ẹsẹ̀ yín ló ń yí i. Títan, pípa àti eré nìkan ni iná inú pẹ́dàlì yìí wà fún.

Èkejì jẹ́ oníwáyà. Kò sí kébù níbẹ̀ rárá. Súwíìṣì ọ̀tún àti súwíìṣì òsì ló ń pàṣẹ fún mọ́tò kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì pé kó yí ọ̀pá. Okùn kan ṣoṣo tó rọ̀ ni ẹ ó rí tó jáde lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ ní okùn kankan, orí afẹ́fẹ́ ló ti ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ojú kì í tètè rí, òun ló sì ń sọ bí súwíìṣì ṣe máa ń kú. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí eré wọn pín sí ìpele, bíi ìpele márùn-ún, gbogbo iná tí mọ́tò ń jẹ lè máa gba inú súwíìṣì pẹ́dàlì kọjá, nígbà mìíràn áńpù (ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) 30 sí 50. Wáyà inú irú pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀ máa ń sanra, ojú súwíìṣì rẹ̀ a sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn tí eré wọn ń lọ sókè jẹ́jẹ́ láìní ìpele, bọ́ọ̀dù kan (pátákó tí a to àwọn èròjà iná sí) ló ń gbé ẹrù náà, iná ìbánisọ̀rọ̀ tín-ínrín ló sì ń gba súwíìṣì kọjá. Wáyà tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Súwíìṣì wọn kì í sábà jóná. Omi àti ìpẹtà ló ń pa á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, fífa púlọ́ọ̀gì ló kéré jù, ṣùgbọ́n èmi a máa yọ ọ́ lórí bátìrì gan-an. Bátìrì tó lè bọ́ ẹ́ńjìnnì lè mú kí súkúdíráfà tó bá kan orí méjèèjì pọ́n kankan. Ẹ bọ́ òrùka àti aago irin.

Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ náà. Nọ́ọ̀tì kan àti pínnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń dè é. Ẹ fi méjèèjì sínú àwo kí pínnì má bàa sọnù. Mo mọ̀ pé èyí ni ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ má fò ó. Ẹ ń tún ohun tí ń tan nígbà tí kò yẹ kó tan ṣe, ẹ ò sì lè mọ ìṣẹ́jú tí yóò tan sí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iná, ẹ dúró ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí èyí tó kù sínú bọ́ọ̀dù tán.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: mítà tó ń wọn fóòtì (volt, agbára tó ń ti iná) àti óòmù (ohm, ìdènà iná), tó sì máa ń ké tí ọ̀nà iná bá pé, súkúdíráfà tó bá orí súkúrù yín mu, ẹ̀mú, ọ̀bẹ ìbówáyà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, fóònù fún yíya àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí àìsàn náà sọ orúkọ ara rẹ̀

Kí ẹ tó tú súkúrù kankan, ẹ kọ ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i lórí omi.

Tí kò bá dáhùn rárá, ẹ má tíì fura sí pẹ́dàlì. Bátìrì, bùrékà àti púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá yí súwíìṣì ìyàn sí ibi tí ẹ́ńjìnnì á ti máa lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò dáhùn nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì yẹn tàbí wáyà tirẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Bọ́ọ̀dù, mọ́tò àti bátìrì ti jẹ́rìí ara wọn. Ìdánwò kékeré yìí, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lásán.

Tí ó bá ń tan tí ó ń kú bí ẹ ṣe ń mi okùn, wáyà ti já nínú rọ́bà rẹ̀. Tí eré bá ń fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìsí àárín, fọ́lúùmù ni. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀tún nìkan ló ń yí sí, súwíìṣì òsì tàbí wáyà rẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò ìyídà ṣì ń yí sí apá kan. Tí ó bá sì jẹ́ pé ìpele karùn-ún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì onípele márùn-ún, kóìlì tó ń dín eré kù lórí ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń jóná. Pẹ́dàlì kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ìyẹn.

Láti bátìrì wá sí ẹsẹ̀ yín

Ẹ dá bátìrì padà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ gbé mítà sí fóòtì DC (iná bátìrì). Bátìrì olómi-ásíìdì fóòtì 12 tó kún, tó sì ti sinmi, yẹ kó fi 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Ti lítíọ̀mù máa ń wà ní nǹkan bíi 13.2 sókè. Ẹ́ńjìnnì fóòtì 24 ń lo bátìrì méjì tí a so tẹ̀ léra, ti 36 ń lo mẹ́ta. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, nítorí ọ̀kan tó ti kú lè fara pamọ́ sáàárín àwọn tó ku.

Ṣùgbọ́n fóòtì bátìrì tó ń sinmi kò tíì sọ gbogbo òótọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tan ẹ́ńjìnnì nínú omi nígbà tí ẹ ń wo mítà, kí abẹ̀bẹ̀ sì wà lára rẹ̀ fún ìdánwò yìí nìkan, kí ọwọ́ gbogbo èèyàn jìnnà sí i. Tí fóòtì orí bátìrì 12 bá já sísàlẹ̀ 10.5, bátìrì ti rẹ̀. Tí orí bátìrì bá dúró dáadáa, àmọ́ tí ẹnu púlọ́ọ̀gì kéré sí i ju fóòtì kan lọ, ìdènà wà lójú ọ̀nà: orí bátìrì tó dípẹtà, bùrékà tó ti gbó, tàbí púlọ́ọ̀gì tí eyín rẹ̀ ti dúdú. Ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó bá gbóná jù ló ń jẹ iná yín.

Tí ohun gbogbo bá dán dé ẹnu ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ bátìrì padà, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀. Ó ti kan pẹ́dàlì.

Ṣíṣí i

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ funfun. Àwo ìsàlẹ̀ ni súkúrù wà lára ọ̀pọ̀ wọn; àwọn kan tún ní pínnì gígùn tó gba àárín kọjá níbi tí àtẹ̀sẹ̀ ti ń mì. Ẹ ya àwòrán kí ẹ tó tú u, ẹ ya òmíràn bí ìderí bá ti ṣí, ẹ tún ya ibi tí sípíríǹgì kọjú sí. Sípíríǹgì lè fò jáde. Ẹ fi ọwọ́ kan bò ó nígbà tí ọwọ́ kejì ń fa ìderí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni ìdọ̀tí: iyanrìn, ìpẹ́ ẹja, okùn ìpẹja tó wé mọ́ ọ̀pá, omi tó dúró. Ẹ nù ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ẹ rí i pé àwọn ihò tí omi ń gbà jáde kò dí. Nígbà mìíràn àìsàn náà parí síbẹ̀. Òkúta kékeré lábẹ́ bọ́tìnnì lè jẹ́ kó má lọ sílẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ kó má lè dìde.

Súwíìṣì

Ẹ tẹ súwíìṣì náà pẹ̀lú ìka. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ “kẹ́ẹ́” lákòókò tó bá wọlé, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ nígbà tó bá padà. Èyí tí kò bá dún, tàbí tó rọ̀ bíi fùfú, sípíríǹgì inú rẹ̀ ti kú. Ẹ wò ó pẹ̀lú: ṣé ẹsẹ̀ bọ́tìnnì ńlá tòkè ń kan súwíìṣì kékeré yìí dáadáa, àbí apá ike tó ń tẹ̀ ẹ́ ti tẹ̀ tàbí ti sán?

Ẹ fa wáyà kan kúrò lára súwíìṣì kí ẹ má bàa wọn ohun mìíràn mọ́ ọn. Ẹ gbé mítà sí ibi tó máa ń ké. Lára súwíìṣì kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ẹ ó rí lẹ́tà C, NO àti NC. C ni ti gbogbogbòò. NO kì í kan C àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. NC ń kan C títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ mítà sí C àti NO. Kó dákẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó ké. Ẹ ṣe é ní ìgbà ogún, jẹ́jẹ́ àti kíákíá, kí ẹ sì gbé mítà sí óòmù níkẹyìn: súwíìṣì tó dá ṣáṣá kò yẹ kó ju óòmù kan lọ nígbà tó bá wà ní títẹ̀. Tí nọ́ńbà bá ń jó láàárín 2 àti 40, ojú rẹ̀ ti jóná tàbí ti dípẹtà.

Òògùn ìfọjú-iná, èyí tó ń gbẹ láìfi òróró sílẹ̀, lè jí i dìde fún ìgbà díẹ̀. N kò ní gbọ́kàn lé e. Súwíìṣì tó ti kọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò tún kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ àárín omi ni yóò ti kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń wá òmíràn, ẹ ka ohun tó wà lára ti àtijọ́, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Áńpù 10 fún iná AC (irú iná ilé) fóòtì 250 kò túmọ̀ sí áńpù 10 fún iná bátìrì. Iná AC máa ń kú fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń pa iná tó bá fò nígbà tí súwíìṣì ń ṣí. Iná bátìrì kì í kú bẹ́ẹ̀. Títàná rẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń jẹ ojú súwíìṣì. Nítorí náà, tí pẹ́dàlì yín bá jẹ́ irú tí gbogbo iná mọ́tò ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ wá èyí tí a kọ DC sí lára, tí áńpù DC rẹ̀ sì tó. Fún irú tó ń gbé iná tín-ínrín, ìwọ̀n àti ibi tí ihò súkúrù rẹ̀ wà ló ṣe pàtàkì jù, pẹ̀lú kó jẹ́ èyí tí omi kò lè wọ̀.

Wáyà, níbi tí ọ̀ràn ti pọ̀ jù

Mo ti fìgbà kan pààrọ̀ súwíìṣì ẹ̀ẹ̀mejì lára pẹ́dàlì kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ó kọ̀ lórí omi. Nígbà tí mo wá fi mítà sí orí wáyà méjèèjì, tí mo sì ń ká okùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ké, ó dákẹ́, ó ké. Bàbà inú rẹ̀ ti já ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹnu pẹ́dàlì, ibi tí okùn ti ń ká nígbàkigbà tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì sókè tí a sì dà á padà sínú ọkọ̀. Rọ́bà òde kò ní àléébù kankan. Orí tábìlì, okùn náà tò gbọọrọ, àwọn fọ́nrán tó já fara kanra, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń ṣe é báyìí. Ẹ gbé mítà sí ibi tó ń ké. Ẹ so ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ ìpẹ̀kun wáyà nínú pẹ́dàlì, kí ẹ so èkejì mọ́ ìpẹ̀kun wáyà kan náà lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ìdè eléyín so wọ́n kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo. Lẹ́yìn náà ẹ mú okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ dúró pẹ́ jù ní ibi mẹ́ta: ẹnu pẹ́dàlì, ibi tí okùn ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fún un mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Tí mítà bá gé ohùn, ẹ ti débẹ̀. Ẹ fi táàpù pupa sàmì sí i.

Ọwọ́ lásán náà lè rí i. Ẹ di wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà mú pẹ̀lú ìka méjì ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ẹ fà á díẹ̀. Wáyà tí bàbà rẹ̀ pé kì í nà. Ibi tí rọ́bà rẹ̀ bá nà bíi rọ́bà ìdírun, bàbà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ gé ibẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ bó rọ́bà, ẹ wo àwọ̀ bàbà. Tó bá pupa tó ń dán, ó dára. Tó bá dúdú tàbí tó ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, omi ti rìn wọ inú rẹ̀ láàárín àwọn fọ́nrán, ẹ sì ní láti máa gé padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí bàbà tó mọ́. Omi iyọ̀ lè rìn jìnnà lábẹ́ rọ́bà. Tí ẹ bá gé é tí kò mọ́ rárá, ẹ pààrọ̀ wáyà náà látòkè délẹ̀ pẹ̀lú wáyà ojú omi tí a fi táánù (tin) bo bàbà rẹ̀, kó sanra tó ti àtijọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún síso pọ̀, jíjó lẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ bá, mo sì lòdì sí i níbi tí wáyà bá ti ń ká. Lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọ àárín fọ́nrán, ó ń sọ ọ́ di ọ̀pá líle, ìpẹ̀kun ibi líle yẹn gan-an ni yóò sì tún já sí. Ẹ lo ọ̀pá irin kékeré tí a ń fi ẹ̀mú fún wáyà pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn tí rọ́bà ìsúnkì tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò. Ẹ fún un, ẹ fà á gidi kí ẹ mọ̀ bóyá ó dì mú, kí ẹ wá fi ooru rà á títí gọ́ọ̀mù yóò fi yọ díẹ̀ ní ẹnu méjèèjì. Gọ́ọ̀mù yẹn ló ń dá omi dúró. Táàpù iná lásán yóò tú nínú omi.

Tí wáyà tí ẹ fẹ́ so bá pọ̀, ẹ má so gbogbo wọn sójú kan. Ẹ jẹ́ kí oríkèé ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà síra ní ìwọ̀n ìka méjì, kí okùn má bàa ní kókó ńlá, kí oríkèé méjì má sì fi ara ha ara títí wọn yóò fi kanra. Kí ẹ tó ti ohun gbogbo padà, ẹ fi okùn náà sílẹ̀ kó ní ìyípo díẹ̀ nínú pẹ́dàlì, kí ẹ sì dè é mọ́ ara àwo pẹ̀lú ìdè ike. Tí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lára okùn, ìdè yẹn ni kó gba ìyà, kì í ṣe oríkèé wáyà.

Fọ́lúùmù eré

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ẹ yọ ọ́ lára bọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Láàárín ẹsẹ̀ òde méjèèjì, óòmù kò gbọdọ̀ yí bí ẹ bá ń yí orí rẹ̀. Ó yẹ kó súnmọ́ ohun tí a kọ sára rẹ̀, fún àpẹẹrẹ B5K jẹ́ óòmù 5,000, B10K jẹ́ 10,000. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà sí ẹsẹ̀ àárín àti ọ̀kan nínú ti òde, kí ẹ yí i jẹ́jẹ́ gan-an. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ gòkè bí ẹni ń gun òkè tí kò ní kòtò. Tí ó bá fò, tàbí tí mítà bá sọ pé ọ̀nà já lójú kan, ibẹ̀ ni eré yín ti ń sọnù.

Ẹ ra irú kan náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà. B ń pín eré ní déédéé, A ń pín in lọ́nà mìíràn, ẹ ó sì rí i lójú omi pé bọ́tìnnì eré kò tẹ̀ lé ọwọ́ yín mọ́ tí ẹ bá paarọ̀ lẹ́tà.

Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò dúró

Èyí léwu ju kí ó má ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ fa púlọ́ọ̀gì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ lórí omi, ẹ má jà mọ́ bọ́tìnnì.

Nílé, ẹ wo bóyá súwíìṣì ìyàn wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè ti gbá a láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo sípíríǹgì bọ́tìnnì. Tí ìwọ̀nyí bá dára, ẹ yọ wáyà súwíìṣì méjèèjì kúrò, ẹ fi táàpù bo ẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ dá iná padà láìsí abẹ̀bẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, súwíìṣì ló ti lẹ̀ pọ̀. Tí ó bá ṣì ń yí nígbà tí súwíìṣì kò sí nínú ọ̀ràn mọ́, àìsàn náà wà nínú okùn, níbi tí wáyà méjì ti kanra, tàbí nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ ìpẹ̀kun okùn náà lórí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tún un dán wò. Tí kò bá ṣì dúró, bọ́ọ̀dù ni. A kì í sábà tún ìyẹn ṣe, pípààrọ̀ ni.

Kébù ìdarí

Fún oníkébù nìkan. Tí ẹsẹ̀ yín bá ń lọ kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, kébù ti dẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí orí ẹ́ńjìnnì kọjú síwájú gan-an, kí àtẹ̀sẹ̀ sì tò gbọọrọ, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì ìfún-kébù díẹ̀díẹ̀ ní ìhà méjèèjì ní déédéé. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀. Kébù tó le jù yóò mú kí àtẹ̀sẹ̀ wúwo, yóò sì máa jẹ ojú ihò tó ń gbà kọjá.

Tí fọ́nrán kébù bá ti ń yọ bí ìrun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí fọ́nrán yẹn ń gún bí abẹ́rẹ́. Ẹ tú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí èkejì máa di ìyípo náà mú síbi tó wà. Ẹ ya àwòrán bí kébù ṣe yí mọ́ ọn àti iye ìgbà tó yí. Ẹni tó bá tú méjèèjì pọ̀ yóò fi ọ̀sán kan wá àárín tó ti sọnù. Kébù tuntun kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́. Tó bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ yóò máa há.

Níbi tí àtẹ̀sẹ̀ ti ń mì, gíríìsì sílíkóònù ló bá ike mu. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ ike. Ó lè mú kó sán.

Àwọn tí mítà kò lè bá sọ̀rọ̀ tán

Àwọn pẹ́dàlì oníwáyà kan kò rán iná lásán. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń rán gba okùn. Fún irú wọn, ẹ lè dán súwíìṣì àti pípé wáyà wò, ẹ lè fọ púlọ́ọ̀gì okùn náà, ẹ lè wo bóyá eyín rẹ̀ kan ti tẹ̀. Kọjá ìyẹn, ẹ fi pẹ́dàlì mìíràn tó bá a mu dán ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Fún aláìníwáyà, bátìrì kékeré tuntun nínú pẹ́dàlì náà ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi fínígà funfun díẹ̀ lórí òwú nu ojú irin tó ń kan bátìrì tí ìyẹ̀fun bá wà níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un so mọ́ ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ṣe sọ.

Dídì í padà

Ẹ fi gíríìsì iná díẹ̀, irú èyí tó ń lé omi, sí ẹnu púlọ́ọ̀gì àti orí súwíìṣì níbi tí wáyà ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo àwòrán yín, ẹ dá sípíríǹgì padà, ẹ rí i pé wáyà kankan kò sí lábẹ́ ibi tí ike yóò ti fún un. Súkúrù tó ń wọ ike ni kí ẹ fi ọwọ́ dè, ẹ dúró nígbà tó bá ti múlẹ̀.

Láìsí abẹ̀bẹ̀, ẹ dá iná padà, ẹ gbé eré sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, nítorí omi ló ń tu mọ́tò náà lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ká okùn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ dà á padà, ẹ tún dán an wò. Tí kò bá gé lẹ́ẹ̀kankan, ẹ yọ iná, ẹ dá abẹ̀bẹ̀ àti pínnì rẹ̀ padà, kí ẹ lọ fi wákàtí àkọ́kọ́ wà á ní etí bèbè, pẹ̀lú àjẹ̀ nínú ọkọ̀.